Ta Ló Fi Lẹ́búlẹ́bú Kóbáàtì Sùn?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ Bàbá Kẹ́místrì, wọ́n ṣílẹ̀kùn láàbù, wọ́n bá páìpù gíláàsì inú ààrò lófìfo. Lẹ́búlẹ́bú kóbáàtì tí bàbá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ wá kiri ti pòórá. Ilẹ̀kùn ò já, fèrèsé ò fọ́. Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́: ọmọbìnrin bàbá náà tó ń bá a ṣiṣẹ́, igbákejì rẹ̀, àti ọlọ́dẹ. Àwọn ọlọ́pàá ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́dẹ ni wọ́n gbé. Ta ni wọn ì bá tún gbé, nígbà tí ọlọ́dẹ wà nítòsí?

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ránṣẹ́ sí inspẹ́kítọ̀ kan tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Má-kánjú, torí pé kì í yára sọ̀rọ̀, kì í sì í yára gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Igbákejì ló mú un wọlé.

"Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá yín àgbà," Má-kánjú ní.

"Gáàsì la fi ń ṣe epo ọkọ̀, sà. Kóbáàtì ló ń sọ ọ́ di epo. A máa ń fọ́n ọn sára amọ̀ funfun, hóró kéékèèké. Ṣùgbọ́n tí ooru bá ti pọ̀ jù, àwọn hóró yẹn á lẹ̀ mọ́ra wọn, tàbí kí wọ́n wọnú amọ̀ lọ pátápátá. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ti Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ní tiwọn ò ní kú sínú ooru. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé á kú. Wọ́n ní ìlara ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Ṣé ìlara ò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà," igbákejì dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n dókítà ti ní ẹ̀mí Bàbá ò gùn mọ́. Mi ò lè fi èyí ṣe wọ́n."

Má-kánjú bẹ̀rẹ̀ wo inú páìpù. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó búlúù.

"Àwọ̀ wo ni lẹ́búlẹ́bú yín?"

"Dúdú, sà." Igbákejì sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Èyí ti kú. Kóbáàtì ti wọnú amọ̀. Kò sẹ́ni tó lè jí i mọ́."

Inspẹ́kítọ̀ nàka sí fáàfù kékeré kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, bí ẹni ò fẹ́ ṣí i. "Èyí ńkọ́?"

"Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni. A kì í ṣàdédé ṣí páìpù lẹ́yìn iṣẹ́, torí lẹ́búlẹ́bú tó wà láàyè á gbaná lójú ẹsẹ̀. A ó jẹ́ kó tutù, a ó wá máa fún un láfẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fífi í sùn là ń pè é. Ó lè gbà yín ní gbogbo ọ̀sán."

"Èyí tó ti kú náà nílò rẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ fi ṣe, sà?"

Má-kánjú gba àgọ́ lọ. Ètè ọlọ́dẹ ti wú, ojú rẹ̀ kan ò ṣí dáadáa.

"Ẹ jókòó. Báwo lẹ ṣe ń fi lẹ́búlẹ́bú sùn?"

"Kí n fi kí ni sùn, sà?" Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé wọ́n tún fẹ́ lù ú. "Wọn ò jẹ́ kí n wọnú ibẹ̀ rí. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ. Ó ní òun ò bímọ fún olè. Ẹ bá mi sọ fún un, sà. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un."

Ọmọbìnrin Bàbá Kẹ́místrì ò fi ìbéèrè kankan falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òun ní kọ́kọ́rọ́. Rárá, òun ò rí nǹkan kan. Nígbà tí Má-kánjú dìde, òun náà béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ọlọ́dẹ yẹn, sà, ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ?"

Lọ́sàn-án, inspẹ́kítọ̀ pè wọ́n jọ sí láàbù. Ọmọ ti bàbá rẹ̀ wọlé lórí kẹ̀kẹ́ arọ, igbákejì dúró ti ògiri.

"Lẹ́búlẹ́bú yìí ti kú kí wọ́n tó gbé e," Má-kánjú ní. "Ẹni tó gbé e sì kọ́kọ́ fi í sùn, fáàfù tí wọ́n ṣí sílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀. Ọlọ́dẹ ò mọ̀ ọ́n. Igbákejì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ká ní òun ló bá òkú rẹ̀ níbí, ṣe ni ì bá pe gbogbo ayé wá wò ó. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òkú yẹn ló gbé e."

"Irọ́ ni," Bàbá Kẹ́místrì ní. "Tèmi kì í kú. Ọlọ́dẹ ló jí i. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà." Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Sọ fún wọn."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ojú tì í, àánú bàbá rẹ̀ sì ń ṣe é.

"Wọ́n ti lu ọlọ́dẹ, Bàbá. Lẹ́búlẹ́bú yẹn kú ni. Lálẹ́ tó ku ọ̀la káwọn àlejò dé, mo wò ó, mo rí i pé ó ti búlúù. Mo ní ó sàn kẹ́ ẹ fayé sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú sí olè ju kẹ́ ẹ lọ pẹ̀lú ìyẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fi í sùn?" inspẹ́kítọ̀ béèrè.

"Mi ò mọ̀, sà. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Mo jókòó tì í títí ó fi tutù."

Bàbá náà já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ìwọ lo pa á," ó ní. "O ò ṣọ́ ooru rẹ̀ dáadáa. Ẹ mú un lọ."

Má-kánjú ní kí wọ́n lọ tú ọlọ́dẹ sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan gbé ọmọbìnrin náà dìde, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá Kẹ́místrì di táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó tì í, kò yí. Ó tún tì í.

"Ta ni yóò wá tì mí délé báyìí?"

Ọmọ rẹ̀ yíjú padà, ó ti na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà kó tó rántí pé ọlọ́pàá ti dè é lọ́wọ́.