Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Yìnyín

"Ta ló ní kí ẹ kó yìnyín wá síbí?"

Ọ̀rọ̀ tí Lydia kọ́kọ́ bá Ọládọ̀tun sọ láyé nìyẹn. Ọládọ̀tun, tíṣà láti Òkè-Ìmẹ̀sí, gbé kúlà ìyá rẹ̀ dé ibi tí Lydia ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní Adó, yìnyín kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára bàbá rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Arámọkọ. Pílétílẹ́ẹ̀tì, apá ara ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú ọgbẹ́ dì, ni wọ́n rán an wá gbà.

"Màmá mi ló rà á. Ṣebí inú òtútù ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ sí?"

"Ẹ̀jẹ̀ pupa nìyẹn, bùrọ̀dá. Òtútù ń ba eléyìí jẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá bí wọ́n á ṣe dáàbò bò ó lọ́wọ́ òtútù. Ní báyìí, kò gbọdọ̀ tutù, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa mì ín jẹ́jẹ́."

Lydia da yìnyín nù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọládọ̀tun ń gbọ̀n, nítorí náà Lydia tẹ̀lé e wọ takisí, ó gbé àpò ẹ̀jẹ̀ náà lé itan, ó ń mì ín títí wọ́n fi dé Arámọkọ. Háà, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú ọkùnrin yìí! Bàbá ń kú lọ, ojú ọmọ wà lára ọwọ́ obìnrin. Ojú tì í gan-an.

Màmá fọwọ́ kan àpò náà lẹ́nu ọ̀nà. "Kò tutù! Yìnyín mi dà?"

Wọ́n fà á sí Bàbá lára, ṣùgbọ́n àìsàn náà ti wọra. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá kú.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi bẹ Màmá pé kó jẹ́ kí Ọládọ̀tun fẹ́ Lydia. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, àwọn ẹbí tó wà ní Ẹ̀fọ̀n bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ tó da yìnyín mi nù ló pa ọkọ mi. Kò ní wọ ulé mi."

Ọládọ̀tun ò lè gbéyàwó lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, wá ẹlòmíì fẹ́," ló wí tẹkúntẹkún.

"Ta ni kí n wá?" ni Lydia dá a lóhùn.

Àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú Màmá fúnra rẹ̀. Lydia ló gbé àpò dé láti Adó. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wá iṣan, Lydia jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń mì ín. Màmá ò lágbára láti lé e. Ó kàn ń wò ó.

"Ṣé báyìí lo ṣe mì ín fún Bàbá wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Láti Adó."

"O ò sinmi?"

"Mi ò sinmi, Mà."

Màmá nawọ́ kan àpò náà. "Tó bá jẹ́ pé inú yìnyín mi ló wà ńkọ́?"

Lydia tẹ orí ba. "Ẹ fẹ́ kí wọ́n yè ni, Mà."

Omi bọ́ lójú ìyá. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ọládọ̀tun, kí lò ń wò? Ọwọ́ ti ń ro ìyàwó rẹ. Gbà á, kó o bá a mì ín."

Ọládọ̀tun gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n, Lydia sì bá a dì í mú.