Ohùn Tó Wà ní Yàrá Kẹfà

Òjò ń rọ̀ lé ọmọbìnrin náà lórí ní Alekuwodo ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ohun tó gbé mọ́ àyà kò tutù rárá. Ó ti tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun, omi sì ń ti irun rẹ̀ kán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọlọ́rundáre, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, dìde láìmọ̀ pé òun dìde.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ọmọ lẹ gbé ni?"

"Rárá." Ó tú gèlè náà sórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni, ó ti gbó, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dè é léti. "Bàbá mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Dáre náà kò rẹ́rìn-ín.

Tiwalolúwa Ọdúntán ni orúkọ rẹ̀, láti Ìsọ̀kùn ní Iléṣà ló ti wá. Bàbá rẹ̀, Micah, ló darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn fún ọdún méjìlélógún, kò sì sí orin tí wọ́n kọ tí kò gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yìí. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ló mú un. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ohùn rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ lọ. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò, ó sì kọ ìlà kan fún Cecilia ìyàwó rẹ̀: Mo ti bá ẹ sọ̀rọ̀. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà.

"Ọdún kan rèé tí màmá mi ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn," ni Tiwa wí. "Wọn ò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ fáìlì náà. Wọ́n ní bí àwọn bá rí orúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lórí ìwé, àwọn á dá ti àwọn mọ̀. Ẹ bá mi tẹ gbogbo ẹ̀ jáde."

Dáre yẹ inú rẹ̀ wò. Fọ́dà kún ibẹ̀ bí ẹni da ẹ̀wà sílẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọbìnrin náà fa àga, ó jókòó. "Mi ò lọ."

"Ẹ̀hẹ́n! Iléṣà lẹ ti wá lóòótọ́. Ọmọ òṣómàáló!"

"Ẹ ṣáà ti mọ̀. Àwọn bàbá ńlá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó títí wọ́n fi gba ohun tí wọ́n wá gbà. Èmi tiẹ̀ rí àga jókòó."

Dáre fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó ṣàlàyé pé òun kò ní fọwọ́ kọ orúkọ kankan. Àṣẹ kan lòun máa kọ sínú Excel, èyí tí wọ́n ń pè ní màkírò. Àṣẹ náà á wọnú fọ́dà lọ, á ka orúkọ fáìlì tó bá bá níbẹ̀, á sì máa tò wọ́n sílẹ̀, ìlà kan fún fáìlì kan. Kí òjò tó dá, irinwó ó lé méjìlá orúkọ ti tò sílẹ̀, ìwé sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní gbígbóná.

Cecilia mú pẹ́ńsùlù, ó jókòó ti ìwé náà ní Iléṣà. Èyí tó bá jẹ́ orin tó mọ̀, á fi sílẹ̀. Èyí tí kò bá yé e, á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, Tiwa á wọkọ̀ wá sí Òṣogbo kí wọ́n lè gbọ́ àwọn tó ní ìlà lábẹ́. Dáre á fi okùn ìgbọ́rọ̀ kan sétí, Tiwa á fi ìkejì sétí tirẹ̀. Okùn náà kò gùn, nítorí náà èjìká wọn máa ń kan ara wọn.

Báyìí ni Sátidé mẹ́jọ ṣe kọjá. "Ẹ" di "o" láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

"Jọ̀ọ́, tún un pè. Níbo lo ń lọ?" Dáre á wí.

"Ulé. Mò ń lọ ulé. Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Òṣogbo ò tiẹ̀ mọ Yorùbá sọ."

"Àwa tí à ń pè é ní 'ilé' la ò mọ̀ ọ́n sọ? Olólùfẹ́ mi, wàá kọ́ mi."

Tiwa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fi pè é. Kò gbé èjìká rẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ kan, Tiwa sọ fún un pé nígbà tóun pé ọmọ ọdún méje, òun dá orin kọ níwájú gbogbo ìjọ níbi ayẹyẹ ọdún àwọn ọmọdé. Nígbà tó dé àárín, ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́. Bàbá rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀: Má dúró, Tiwa! Máa lọ! "Ohùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohùn ayé," ni Tiwa wí. Ó nu ojú rẹ̀. Dáre fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú.

Sátidé kẹjọ, wọ́n dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ń ṣàwàdà níbẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn mọ́.

"Dáre, ṣé ó dá ẹ lójú pé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Ó dá mi lójú. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

Ó yá a lẹ́nu jù.

Nígbà tí Cecilia gbọ́, kò sunkún. Ó gun àpótí, ó já àwòrán ọkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri nílẹ̀. "Micah ò purọ́ fún mi rí," ló wí. "Èyí ni àkọ́kọ́. Ó kàn kọ ọ́ kí n má bàa ké ni." Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ń tún un ṣe. Tiwa pe Dáre lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Má pè mí ná. Màmá mi ò jẹun. Mi ò lè máa yọ̀ pẹ̀lú ẹ lókèèrè, kí wọ́n wà báyẹn nílé."

Oṣù méjì kọjá. Òjò tán, ọyẹ́ dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dáre yọ ẹ̀dà ìwé orúkọ fáìlì náà nínú dúrọ́ọ̀. Kò wá nǹkan kan níbẹ̀, Tiwa ló ń wá. Ó ní òun á fi ìka kan orin tí Tiwa kọ lọ́mọ ọdún méje. Ó wá a lójú ewé kìíní, ó wá a títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Kò sí níbẹ̀.

Bàbá tó gba orin yẹn sílẹ̀ kò jẹ́ sọ ọ́ nù láé. Ó ṣí kọ̀ǹpútà Micah, tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ òjò yẹn, ó sì tún àṣẹ tóun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kà. Àṣẹ náà wọ fọ́dà kọ̀ọ̀kan, ó ka fáìlì tó bá níbẹ̀, ó sì padà jáde. Kò yà wọ fọ́dà tó wà nínú fọ́dà rárá. Ó dà bí àlejò tó jókòó ní pálọ̀, tó wá ń jẹ́rìí pé kò sí ẹnìkan nínú yàrá.

Ọ̀gá rẹ̀, Tóbilọ́ba, gbọ́ ọ, ó mi orí. "Tún un ṣe, kó o fi èyí tó o bá rí ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yẹn lórí fóònù, kó o sinmi. Sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣì í?"

"Èmi mọ̀, sà."

Ó tún àṣẹ náà kọ. Níbikíbi tó bá ti bá fọ́dà, kó pe ara rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà látìbẹ̀rẹ̀ nínú ibẹ̀, àti nínú èyí tó tún wà nínú rẹ̀, títí kò fi ní sí ilẹ̀kùn tí kò tíì ṣí. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Nígbà tó dúró, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Orin ọmọ ọdún méje wà níbẹ̀. Lábẹ́ fọ́dà Ìjọ ni Akọrin wà. Lábẹ́ Akọrin, Ìdánrawò. Lábẹ́ rẹ̀, Ilé. Lábẹ́ Ilé, Yàrá Wa. Nínú Yàrá Wa, fọ́dà kẹfà: Cecilia. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni "Cecilia, jókòó".

Ìka Dáre wà lórí rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á gbọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ní Sátidé, ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Iléṣà. Tiwa ló ṣílẹ̀kùn. Ó rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu. Cecilia jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dáre dọ̀bálẹ̀, ó sì lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Mà, ọ̀rọ̀ bàbá wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣì í. Mo ní ó dá mi lójú, mi ò sì tíì dé inú yàrá."

Obìnrin náà wò ó títí. "Oṣù méjì ni mo fi bínú sí òkú nítorí ẹnu ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Rárá, mà. Orúkọ yín ló wà lára ilẹ̀kùn."

Cecilia gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Dáre kò dìde. Tiwa náà lóṣòó tì í. Láti ojú fèrèsé, wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn nínú yàrá: "Mo ti jókòó, Micah... Ẹn... Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́... Ẹn."

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ òòlù lára ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n mọ̀ pé àwòrán ti padà sí àyè rẹ̀.

Nígbà tí Cecilia jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti wé gèlè. "Tiwa, bàbá ẹ kí ẹ." Ó yíjú sí Dáre. "Ìwọ náà, dìde. Orúnkún ò dùn ẹ́ ni? Ọmọ ta ni ẹ́ ní Òṣogbo?"

Tiwa di ọwọ́ Dáre mú gírígírí. Nínú ilé yẹn, wọn kì í bi ẹni tó wá tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ẹbí Dáre wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pẹ̀lú ẹbí Tiwa. Pálọ̀ kún. Wọ́n pe ìyàwó jáde, Tiwa sì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí àga bàbá rẹ̀, ó dúró, kò lè rìn síwájú mọ́. Cecilia na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà tó gbé sórí àga náà, ó tẹ ohun kan. Ohùn ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ orin, ó dé àárín, ó dákẹ́. Ohùn ọkùnrin kan sì jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ròkè, ó mọ́ gaara:

"Má dúró, Tiwa! Máa lọ!"

Dáre ti dìde lọ́hùn-ún, ó na ọwọ́. Tiwa kò dúró.