Ẹni Tí Òkú Bàbá Rẹ̀ Ń Pè

Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ni Ràhímọ́tù ń tà fún àwọn Kátólíìkì tó wá gbàdúrà ní Àrígbó lọ́jọ́ tí Séraphin kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀.

"Ìwọ tó ń kírun, ìlẹ̀kẹ̀ Màríà lo ń tà?"

"Ṣé gbogbo ohun tí ọlọ́jà ń tà ló ń jẹ ni? Bó ò bá rà, yà fún ẹni tó ń rà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá ra òmíràn. Ẹ gbà mí o, kí lèèyàn kan ń fi ìlẹ̀kẹ̀ méjì ṣe, bí kì í bá ṣe pé ọlọ́jà ló wù ú? Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ nílé àwọn Séraphin ní Gbaffo. Bàbá Séraphin kú tòun ti ikùn tó wú bí ìkòkò. Nígbà tí ikùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, dókítà sọ fún òun àti Ràhímọ́tù pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, omi ló ń jọ síkùn rẹ̀.

"Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí inú bá ń ro ó, tàbí tó bá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má jáfara. Kòkòrò àìsàn ti wọnú omi náà nìyẹn, kíá ló sì ń pani."

Alájì Kàmọ́rù, bàbá Ràhímọ́tù, yarí. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tí ikú ti sàmì sí lára!"

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kí àmì náà tó dé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràhímọ́tù pe fóònù Séraphin títí, kò gbé e. Ó gun ọ̀kadà sẹ́míjàn, ó di Gbaffo. Màmá Dorothée, ìyá Séraphin, ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó fìka lé ètè.

"Má dárúkọ rẹ̀ o! Bàbá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ láti àná. Nílé wa, ẹni tí òkú bá ń pè, a kì í dárúkọ rẹ̀, a kì í jẹ́ kó jáde, kí òkú má baà dá a mọ̀."

"Ara rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Ó gbóná janjan."

Ràhímọ́tù wọlé. Séraphin tẹjú mọ́ igun yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mò ń bọ̀." Ràhímọ́tù náà wo igun ọ̀hún. Ká má parọ́, ẹ̀rù bà á dé egungun, àfi bíi pé ẹnì kan dúró síbẹ̀ lóòótọ́. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, Séraphin figbe ta.

"Màmá, ohun tí dókítà sọ ló dé yìí! Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé òkú ọkọ mi fún mi! Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá."

"Ẹ dákun, kí ẹ tó gbé Bàbá débẹ̀ nígbà yẹn, báwo ni wọ́n ṣe wà?"

Ìyá wojú ọmọ rẹ̀.

"A tì wọ́n mọ́lé," ló sọ níkẹyìn, "títí wọn ò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́." Ó bú sẹ́kún.

Ràhímọ́tù ò dúró mọ́. "Séraphin! Séraphin o! Èmi ni!" Ọkùnrin náà yíjú sí i. Kí Ràhímọ́tù tó sọ òmíràn, Màmá Dorothée fúnra rẹ̀ ti gbá ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ìwọ gbé e lápá," ló wí.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fabẹ́rẹ́ fa omi inú rẹ̀ wò, ó rú bí omi ìrẹsì. Wọ́n ń fa oògùn apakòkòrò sí i lára títí ọkàn rẹ̀ fi padà sípò. Dókítà ò tàn wọ́n jẹ: "Ẹ̀dọ̀ yìí ò ní rọ̀ mọ́. Àìsàn náà lè padà wá."

Wọ́n ṣègbéyàwó bẹ́ẹ̀ náà. Alájì Kàmọ́rù wá, ó fajú ro, ṣùgbọ́n ó wá. Màmá Dorothée gbé àga kan tó ṣófo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ni ín.

Ìyàwó ló kúnlẹ̀ síwájú àga náà.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi í sílẹ̀ fún mi títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá a gbé ná."

Ó dìde, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sì rọra fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ wò. Kò gbóná.