Ìlà Sanie Láàárín Ìlà Táyà

Òórùn epo bẹntiróò ni Rodica gbọ́ lára ìbọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni. Ó ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo lórí iná, yìnyín ti bo òrùlé abà, gbogbo nǹkan sì rí bó ṣe máa ń rí ní abúlé wọn lẹ́sẹ̀ òkè tí òtútù bá dé. Ó sá àwọn aṣọ tó tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ló bá tún gbé ìbọ̀wọ́ náà sí imú. Epo ni. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti ya, bíi pé okùn ló gé e.

"Ilinca, níbo lo lọ lánàá?"

"Ilé Dochia ni, Màmá. A ń ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún wa." Ọmọ náà ò gbójú sókè nínú abọ́ wàrà rẹ̀.

"Iṣẹ́ tíṣà wo ló ń ya ìbọ̀wọ́?"

"Ológbò wọn ló ya á."

"Ológbò tó ń mu bẹntiróò?"

Ilinca gbé abọ́ wàrà bojú.

Ara Rodica ò balẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan kán lápá lórí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí tọmọdé tàgbà abúlé náà ti fi sanie ṣeré dàgbà. Àga pákó elẹ́sẹ̀ irin ni sanie. Ọmọ á jókòó lé e, á sì máa yọ̀ lórí yìnyín títí dé ìsàlẹ̀. Ọkọ Rodica ń mọlé ní Ítálì, òun nìkan ló ń dá tọ́mọ, ẹ̀rù kì í sì í tán lọ́kàn rẹ̀. Òun ló kó àwọn ìyá jọ lọ bá alága ìlú. Wọ́n fi wáyà yí òkè náà ká, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣeré níbẹ̀. Nílé, ó ti sanie Ilinca mọ́ inú abà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ó lọ sí abà. Sanie ṣì wà lórí ìṣó tó fi í kọ́ sí. Ó ti fẹ́ pẹ̀yìn dà kó tó rí irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin tí kò kan yìnyín látọdún èṣí, ó yẹ kó ti dógùn-ún. Èyí ń dán bí ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n.

Bàbá ọkọ rẹ̀, Toader, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, torí òun ló ń fún màlúù lóúnjẹ. Ojoojúmọ́ ló sì ń ráhùn pé wọ́n ti sọ ọmọ di ẹyin.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń gbé sanie jáde fọ́mọ yìí."

"Èmi kẹ̀?" Toader sọ àáké kalẹ̀. "Tí mo bá fẹ́ gbé e, ojú ẹ ni màá ti gbé e. Ta ni mo fẹ́ máa sá fún nínú ilé ara mi?" Ó tún mú àáké náà. "Àmọ́ Viorel ló ń bá mi kó koríko látìgbà tẹ́yìn ti ń dùn mí."

Viorel ni àbúrò ọkọ Rodica, aláwàdà tó ní jíìpù. Ó wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rodica ò sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé mo jí adìyẹ ni, tó o fi ń wò mí báyìí?"

"O ò jí i?"

Viorel bú sẹ́rìn-ín. Ilinca náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó yá jù. Nígbà tí Rodica sin Viorel dé ìdí jíìpù, ó rí okùn tútù kan tó ká jọ lẹ́yìn.

"Okùn kí nìyẹn?"

"Mo fi ń wọ́ ìtì igi ni. Àbí igi náà ti dèèwọ̀?"

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ilinca ní inú ń run òun, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Rodica ò dúró gba oore-ọ̀fẹ́ kó tó sáré padà sílé. Ìṣó inú abà ṣófo. Ó tẹ̀ lé ìlà ẹsẹ̀ sanie dé ẹnu géètì, ó sì rí i pé ìlà tín-ínrín méjì náà bọ́ sáàárín ìlà táyà, wọ́n jọ gba ọ̀nà igbó lọ. Kò sí ipa ẹsẹ̀ èèyàn kankan níbẹ̀.

"Olúwa, má jẹ̀ẹ́!" Ó sáré. Toader, tí wọ́n jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ń fi ọ̀pá tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ló bá rí jíìpù Viorel, àti àwọn sanie tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, Ilinca lórí èyí tó kẹ́yìn. Jíìpù yí kọ́nà. Àwọn ti iwájú tẹ̀ lé e. Èyí tó kẹ́yìn ò lè yí. Ó fì síta bí ẹnu pàṣán, ó sì gbé Ilinca lọ kọlu ìtì igi.

Rodica ti na ọwọ́ láti gbé e.

"Má gbé e!" Toader pariwo. "Má mi ọrùn ẹ̀! Fi kóòtù bò ó, kó o pe áńbúláǹsì." Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń kì í: "Ilinca mi, ọmọ agégi lórí òkè, ọmọ a-rí-yìnyín-má-sá, má sùn. Dá bàbá àgbà lóhùn."

Ní ọsibítù, dókítà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Itan ẹ̀ ti kán. Mi ò tíì lè ṣèlérí pé kò ní tiro. Sanie ò ní bíréèkì, màdáámù. Bí mọ́tò bá dúró lójijì, ọmọ á wọ abẹ́ ẹ̀. Bó bá yí kọ́nà, ti ẹ̀yìn ló ń fò. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ wa mọ́tò náà jẹ́jẹ́ tí kò ní léwu."

Viorel dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá. Wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́ ló kàn. "Ìyàwó wa, àánú àwọn ọmọ ló ṣe mí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà yẹn, wọ́n á máa wo òkè."

"O wá fẹ́ pa wọ́n." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wáyà náà ò kúrò létí rẹ̀.

Toader rọra sọ̀rọ̀. "Orí pápá gbalasa ni òkè yẹn parí sí. Kò sígi, kò sí mọ́tò. Ọmọ tó kán lápá lọ́jọ́sí, orí ló fi síwájú, kò sì ságbà níbẹ̀ tó máa ní kó jókòó dáadáa."

Rodica mọ̀ pé òótọ́ ni. Òun ló ti òkè náà. Òun ni yóò padà lọ bá alága ìlú pé kí wọ́n ṣí i, kí àgbà sì máa wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láé, ìbáà jẹ́ eré. Kí àwa tí à ń ṣòfin náà rántí pé ọmọ tá a lé kúrò níbi tójú wa tó o yóò wá ibi tójú wa ò tó. Ká tó ní kí wọ́n má ṣe, ká sọ ibi tí wọ́n ti lè ṣe é, ká sì bá wọn débẹ̀. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ wọn, àmọ́ kò ní ká sùn.

Nígbà tí Ilinca lajú, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

"Màmá, ẹ máà bínú."

"Mi ò bínú, ọmọ mi."

"Tí ẹsẹ̀ mi bá san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró nísàlẹ̀ òkè kẹ́ ẹ máa wò mí."