Ìlà Funfun Lọ́rùn Ọwọ́

Lẹ́ǹsì kámẹ́rà ńlá náà ti lọ. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀. Àpò lẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfìfo ni.

Ìyá Onígíláàsì, ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó sì nàró.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Mà," ni Ọ̀gá Fọ́tò wí. Òun ló ni ilé iṣẹ́ fọ́tò náà. "A ti mú olè. Ó kù kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ló jí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin tó lù, ẹ máa mú un lọ sí àtìmọ́lé."

Ẹni tí wọ́n pè ní olè jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Agbálẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ni, obìnrin tó ti lé lógójì ọdún. Apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò dé ìgúnpá. Ẹ̀gbà funfun kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n gbé ìwé àti bírò síwájú rẹ̀, kò wò wọ́n.

"Ẹ gé ọwọ́ náà kúrò, kẹ́ ẹ fi tẹ ìwé yín," ló sọ. "Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lára mi, kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Ẹ gbọ́ ẹnu olè!" Akọ̀wé ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ń gba oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà. Abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù gan-an ni ìjókòó rẹ̀ wà, ojoojúmọ́ ló ń wọ súwẹ́tà dúdú alápá gígùn.

"Ìwọ lo pè mí lólè? Tún un pè. Pariwo ẹ̀, kí àwọn ará ìta náà gbọ́."

Ọ̀gá Fọ́tò mú fọ́tò kékeré kan jáde. "Lọ́sàn-án àná, mo ń ya ìdílé kan. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn."

Lẹ́yìn ìdílé náà, ọwọ́ kan ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ ìkélé bo ìyókù ara onítọ̀hún. Ìlà funfun kan ń dán lọ́rùn ọwọ́ náà.

"Ẹ̀gbà rẹ̀ nìyẹn," ni Ọ̀gá Fọ́tò wí.

"Ta ló tẹ fọ́tò yìí jáde?"

"Èmi ni, Mà," ni akọ̀wé dáhùn.

"Ṣé wọ́n tún un ṣe?"

"Rárá o! Bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà nìyẹn."

Ìyá Onígíláàsì ní kí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó sì sún mọ́ ọn. Lóṣù tó kọjá, ó jókòó láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n fọ́tò kó lè ṣe kedere. Ó ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ó mọ ohun tó ń rí yìí dáadáa. Ìlà funfun yí fìlà dúdú bàbá inú fọ́tò náà ká. Ó yí ẹsẹ̀ àga ká.

"Àga náà wọ ẹ̀gbà?" ló béèrè.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni. "Mú obìnrin yẹn wá, ká parí ọ̀rọ̀ yìí!"

"Ẹni tó jalè ni màá mú wá, sà. Bí kì í bá ṣe obìnrin yìí, ẹ ò ní rí i." Ó pa fóònù.

Ó ní kí akọ̀wé jáde díẹ̀. Ó wá pe àbúrò Ọ̀gá Fọ́tò, ọmọbìnrin tó ń tún fọ́tò ṣe. Aṣọ dúdú alápá gígùn lòun náà wọ̀.

"Pọ́n fọ́tò kan fún mi."

Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tóbi bó ṣe yẹ. Ó fa ìwọ̀n pípọ́n rẹ̀ díẹ̀, ó dá a padà díẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi fẹ̀ ẹ́?"

"Bó bá kéré, ojú ò ní rí i tí mo bá fà á jù, Mà. Àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn."

"Èmi ńkọ́?" ni agbálẹ̀ béèrè. "Tèmi ni kí n máa nu eruku orí ẹ̀. Mi ò tíì tan nǹkan yìí rí."

Wọ́n pe akọ̀wé wọlé.

"Pọ́n èyí. Àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìwé oníṣẹ́ fọ́tò ni mo ń kà lálaalẹ́!" Ó jókòó, kò fẹ fọ́tò náà, ó fa ìwọ̀n náà dópin. "Ẹ wò ó bó ṣe mú!"

Ìyá Onígíláàsì fẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ìlà funfun yí gbogbo nǹkan ká.

"Káàdì kámẹ́rà àná dà?"

Ọ̀gá Fọ́tò yọ ọ́ wá. Fọ́tò kan náà nìyẹn, bó ṣe jáde gan-an. Ọwọ́ náà rí bàìbàì. Kò sí ìlà funfun kankan. Apá aṣọ dúdú gígùn ló wà níbẹ̀, tó parí lọ́rùn ọwọ́.

"Pípọ́n kì í fi nǹkan kún fọ́tò," ni Ìyá Onígíláàsì wí. "Ibi tí dúdú bá ti pàdé mímọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Dúdú á túbọ̀ dúdú, mímọ́ á túbọ̀ mọ́. Bó o bá fà á jù, ìlà funfun á yọ. Ohun tó o pè ní ẹ̀gbà, etí súwẹ́tà ẹ ni. Ẹni méjì ló wọ apá gígùn níbí. Ọ̀kan mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ìwọ fà á dópin, o sì purọ́ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Agbálẹ̀ na apá rẹ̀ sókè. Ìhòhò ni, látọrùn ọwọ́ dé òkè ìgúnpá.

"Ọ̀gá," ni akọ̀wé wí. Kò sunkún. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń sọ pé 'ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó' lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ dá tèmi sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo yín kọjú síbi ìdílé yẹn, mo gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Lẹ́ǹsì náà wà nínú páálí tó wà lábẹ́ tábìlì mi."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" ni agbálẹ̀ béèrè.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Àǹtí. Mo pọ́n fọ́tò náà kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n á dá ọwọ́ mi mọ̀. Ìlà yẹn ló yọ. Ó jọ ẹ̀gbà yín, mo bá dì í mú."

Ìyá Onígíláàsì mú akọ̀wé lọ. Ọ̀gá Fọ́tò fa ìwé náà ya. Kò lè gbójú sókè. "Àǹtí, ẹ má bínú. Inú ló bí mi tí mi ò fi wò ó dáadáa. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Agbálẹ̀ kò lọ síbi ìgbálẹ̀. Ó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

"Àbúrò, wá fi hàn mí."

"Àǹtí, ilẹ̀ ìta..." ni Ọ̀gá Fọ́tò bẹ̀rẹ̀.

"Ilẹ̀ á dúró, sà. Fọ́tò lẹ fi pè mí lólè. Mi ò ní dìde níbí títí màá fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá fa àga tirẹ̀ sún mọ́ agbálẹ̀. Agbálẹ̀ di máòsì kọ̀ǹpútà mú bí ẹni di òròmọdìyẹ mú. Ó fẹ fọ́tò náà. Ó fa ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti tó, Àǹtí."

"Dákẹ́ ná," ló wí, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ojú tèmi ni màá fi mọ̀ bó bá tó."