Ìgò Òjò Ẹnjiníà Adébíyìí

Nígbà tí Memunat ṣí géètì ilé Ẹnjiníà Adébíyìí ní Ọ̀kà láago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ìkúukùu ṣì bo orí àpáta. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tó ti ń wá wọn òjò. Ìgò gígùn kan wà láàárín àgbàlá tí Ẹnjiníà náà, tó ti di olóògbé, fi ń wọn òjò nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ìgò náà láràárọ̀ fún oṣù kan gbáko, kó sì kọ ohun tó bá bá níbẹ̀ sínú ìwé. Bàbá Memunat ti kú. Bí owó yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yunifásítì di àlá nìyẹn.

Àfi bó ṣe rí ipasẹ̀ nínú ìrì. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ni, ó tóbi, láti ẹnu ilẹ̀kùn iwájú títí dé ìdí ìgò. Kò sí èyí tó padà. Ilẹ̀kùn ọ̀hún wà ní títì pa, àgádágodo rẹ̀ ti dógùn-ún. Opó Ẹnjiníà nìkan ló kù nínú ọgbà náà, yàrá ẹ̀yìn ló sì ń gbé.

Memunat ò mọ ìgbà tó bá ara rẹ̀ lójú títì. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o; ẹ̀yin náà ìbá sá.

Ọ̀dọ̀ Mọ́júbọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ló sá lọ ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Òjò ńlá rọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì.

"Kí ló ń dà ẹ́ láàmú?" ni Mọ́júbọ́lá wí. "Òjò yìí náà ló ń rọ̀ ní Ọ̀kà. Ṣáà kọ nǹkan síbẹ̀ jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Memunat kọ mìlímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún Sátidé, ó kọ méjìdínlógún fún Sọ́ńdè. Nígbà tó padà dé Ọ̀kà ní Mọ́ńdè, ìgò gbẹ táútáú. Ó rò pé ẹni tó ni ipasẹ̀ ló da omi inú rẹ̀ nù. Ẹ̀rù ò sì jẹ́ kó bojú wolẹ̀, ìbá rí i pé eruku ni gbogbo àgbàlá.

Nígbà tí oṣù parí, Màmá, opó Ẹnjiníà, pè é sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, ó na ìka sí Sátidé kan nínú ìwé rẹ̀.

"Memunat, òjò rọ̀ ní Sátidé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo gbọ́ ọ lórí páànù."

"Páànù ibo?"

Memunat na ọwọ́ sí ìwé náà, Màmá sì pa á dé.

"Ẹ̀kán kan ò kán ní Ọ̀kà lọ́jọ́ méjèèjì, ọmọ mi."

Memunat kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ipasẹ̀. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ń rí i," ló wí. "Ẹni tó ń wọn òjò fún ọkọ mi lẹ́bàá odò tó fẹ́ kọ́ afárá sí jókòó sílé, ó ń kọ ohun tó wù ú. Nọ́ńbà yẹn lọkọ mi fi kọ́ afárá. Odò kún, ó wó afárá, ọkọ mi sì wà lórí ẹ̀. Látìgbà náà, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ó ń jáde wá wò ó fúnra ẹ̀."

Òtútù mú Memunat nínú oòrùn.

Màmá ṣí ìwé mìíràn, ti Limota tó wọn òjò lóṣù tó ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà. Ohun tí Limota kọ síbẹ̀ ni, "N ò wá. Ibà ń ṣe mí."

"Òun la máa fún," ni Màmá wí. "Ká ní o kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà ẹ́, pé o ò wá, ìwọ là bá fún."

Limota wọ yunifásítì lọ́dún yẹn. Oko ni Memunat bá ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, kò sẹ́ni tó bá Memunat wí pé ẹ̀rù bà á. Irọ́ tó fi bo ẹ̀rù náà ló gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.