Nígbà Tí Orí Gbá Orí

Màríàm ni kíípà. Ọmọ ọdún méje ni, àmọ́ bí ó bá ti dúró sójú ilé, ó ṣòro kí bọ́ọ̀lù tó wọlé.

Fẹ́rànmí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Fẹ́rànmí yá bí iná! Igbó Ẹfọ̀n ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá oníyanrìn lẹ́yìn ilé ìwé wọn. Ní Sátidé, wọ́n máa bá àwọn ọmọbìnrin àdúgbò VGC gbá a.

Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù sókè. Fìììì!

Màríàm sáré. Kútú-kútú-kútú!

Fẹ́rànmí náà sáré. Kútú-kútú-kútú!

Ojú àwọn méjèèjì wà lókè. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Gbàgà!

Orí gbá orí. Àwọn méjèèjì jókòó sínú yanrìn, gbì!

Màríàm fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀. Ó dùn ún díẹ̀, kò sì pẹ́ tí kò fi dùn ún mọ́.

"Fẹ́rànmí, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Fẹ́rànmí wí. Ó dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Àǹtí Sìdíkàt, tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, wà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń fún bọ́ọ̀lù mìíràn ní atẹ́gùn. Wọn ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Màríàm wo Fẹ́rànmí. Fẹ́rànmí ń rìn tàgé-tàgé.

"Kò sí nǹkan kan," ni Fẹ́rànmí wí.

Màríàm tún wo Fẹ́rànmí. Fẹ́rànmí fọwọ́ bo ojú. "Oòrùn yìí ń gún mi lójú," ló wí. "Màríàm, àwọn wo la máa bá gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé?"

"Àwọn ọmọ VGC ni."

Kò pẹ́. "Màríàm, àwọn wo la máa bá gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ ni!"

Kò pẹ́. "Màríàm, àwọn wo…"

Àyà Màríàm já. Fẹ́rànmí kì í gbàgbé nǹkan!

"Mo ń lọ sọ fún Àǹtí," ni Màríàm wí.

"Má sọ o! Wọn ò ní jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Bí o bá sọ, mi ò bá ẹ ṣọ̀rẹ́ mọ́!"

Màríàm dúró. Kò fẹ́ kí Fẹ́rànmí bínú sí òun. Ó wo Fẹ́rànmí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

Ni Màríàm bá sáré, ó sáré gan-an ni.

"Àǹtí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá! Orí èmi àti Fẹ́rànmí gbára. Ó ń rìn tàgé-tàgé. Ohun kan náà ló sì ń béèrè ṣáá!"

Àǹtí Sìdíkàt sáré wá. Wọ́n mú Fẹ́rànmí jókòó sí ibòòji.

Hùùù! Fẹ́rànmí bì.

"Bọ́ọ̀lù tán fún òní," ni Àǹtí wí. Wọ́n pe Mọ́mì Fẹ́rànmí. Ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn gbà lọ.

Dókítà Akínbọ̀dé tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú Fẹ́rànmí. Wọ́n yẹ orí Màríàm náà wò. Kò sí nǹkan tó ṣe ti Màríàm.

"Ọpọlọ Fẹ́rànmí ló mì," ni Dókítà wí. "Orí wa le bí agolo. Ọpọlọ inú rẹ̀ rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Bí agolo bá gbá nǹkan, mọ́ínmọ́ín á mì."

"Ṣé ó máa sàn, sà?" ni Màríàm béèrè.

"Á sàn dáadáa! Ìsinmi ló ń fẹ́. Kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí màá fi ní ó yá."

Wọ́n kọjú sí Mọ́mì Fẹ́rànmí. "Bí orí náà bá ń dùn ún sí i, tàbí tó tún bì, tàbí tí ẹ jí i tí kò tètè jí, ẹ tètè gbé e padà wá."

"Màríàm," ni Dókítà wí, "o ṣeun tí o sọ."

Ní Sátidé, àwọn ọmọ VGC na àwọn Màríàm, góòlù méjì sí ọ̀kan. Màríàm gba ilé Fẹ́rànmí lọ.

"Ṣé o ṣì ń bínú?" ló béèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo bínú ní Ọjọ́bọ̀," ni Fẹ́rànmí wí. "Lánàá, orí ṣì ń fọ́ mi díẹ̀, mo wá mọ̀ pé ó dáa bí o ṣe sọ. Mi ò bínú mọ́. Wá jókòó tì mí."

Màríàm jókòó tì í. Wọ́n jẹ gúgúrú.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, Fẹ́rànmí ń rìn káàkiri. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó ń sáré díẹ̀díẹ̀. Orí kò fọ́ ọ mọ́. Nígbà tó yá, Dókítà ní, "Ó yá, padà sórí pápá!"

Àǹtí Sìdíkàt kó gbogbo wọn jọ. "Bí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, tí o fẹ́ mú un, kí lo máa sọ?"

"Tèmi!"

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n á yà!"

"Bí orí bá gbá nǹkan ńkọ́?"

"A máa sọ!"

Fìììì! Bọ́ọ̀lù ti wà lókè.

"Tèmi!" Màríàm pariwo. Fẹ́rànmí yà.

Pàù! Màríàm mú un. Ó jù ú sí Fẹ́rànmí.

Kútú-kútú-kútú! Fẹ́rànmí gbé e lọ. Ó gbá a, wàì!

"Góòòòlù!"

Fẹ́rànmí sáré padà wá láti dì mọ́ kíípà rẹ̀.

"Rọra o!" ni Màríàm wí, ó fọwọ́ méjèèjì bo orí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Fẹ́rànmí dúró. Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó sì dì mọ́ ọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.